Ọkọ̀ mi ń jẹ táyà láti inú, ó sì ń fà sí òsì. Mo ti ṣe aláímẹ́ǹtì ẹ̀ẹ̀mejì

Tíṣà Arówómọlẹ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi débi pé mo ti ń ronú àtita ọkọ̀ náà.

Corolla 2005 ni mo ń wà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé mi, Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà àtijọ́ tó gba Odò-Ọbà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ: kòtò níhìn-ín, tírélà lọ́hùn-ún, bí èèyàn bá yẹ ọ̀kan sílẹ̀ á kó sí èkejì.

Oṣù márùn-ún péré ni mo ra táyà tuntun méjì sí iwájú. Lónìí, fọkanáísà tú ti apá òsì, ó dà á délẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Etí inú ti jẹ dé wáyà! Wáyà tín-tìn-tín ti ń yọ jáde níbẹ̀, ó fẹ́ gún mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, etí òde ṣì ní eyín dáadáa. Tí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò sí bí mo ṣe lè rí i.

Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ ń fà sí òsì. Bí mo bá tú ọwọ́ lórí sítíárìn, kíá ló ti kọjá ìlà àárín ọ̀nà. Mo ti ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ dára fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èkejì kò pé ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni kí n ṣe?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìlọrin · Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú ìdààmú. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó sọ ohun mìíràn: ẹ má fi táyà tí wáyà rẹ̀ ti yọ jáde rìn mọ́, ìbáà ṣe dé ọjà Tákìẹ́. Iwájú ló wà. Bí táyà iwájú bá bẹ́ lórí eré, sítíárìn á já gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi sípíà sí i lálẹ́ yìí.

Lójú tèmi, ẹ ra táyà gidi méjì, fífà yẹn á lọ. Táyà tí kò dọ́gba ló ń fa ọkọ̀.

Ọmọ LAUTECH · Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́

Bọ̀dá, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ sípíà yẹn pátá. Ṣùgbọ́n bí àǹtí bá ra táyà mìíràn láìmọ ohun tó jẹ ti àkọ́kọ́, oṣù márùn-ún sí i a tún jọ wà níbí. Táyà kì í dédé jẹ lápá kan.

Àǹtí, ẹ dá wa lóhùn:

Ṣé gbogbo ìgbà ló ń fà, àbí ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan, àbí ìgbà tí ẹ bá fún un níná?
Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, ṣé sítíárìn dúró gún, àbí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ọ̀tọ̀ ni sítíárìn tó wọ́, ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó ń fà. Ọkọ̀ lè máa lọ gbọọrọ kí sítíárìn dà. Ìyẹn, ẹni tó ṣe aláímẹ́ǹtì ni kò di sítíárìn mú dáadáa.
Ṣé ẹ rántí kòtò kan tó dùn yín?

Tíṣà Arówómọlẹ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 10:31 alẹ́

Ẹ ṣeun, mo ti pàrọ̀ rẹ̀ sí sípíà. Gbogbo ìgbà ló ń fà, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ bíréèkì ó máa ń le sí i. Láti lọ tààrà, mo ní láti yí sítíárìn díẹ̀ sí ọ̀tún kí n sì dì í mú. Ní ti kòtò, ìgbà òjò tó kọjá mo kó sí ọ̀kan tí omi bò mọ́lẹ̀ kí n tó dé Odò-Ọbà. Ó dún “gbò!” lápá òsì, gbogbo ọkọ̀ mì. Rímù kò wọ́, nítorí náà mi ò kà á sí.

Fọkanáísà Tákìẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ tèmi kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tó dé.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ wọn afẹ́fẹ́. Àárọ̀ báyìí ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà tó ti gbóná máa ń fi iye tó ju ti òótọ́ lọ hàn. Iye tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ́ o! Èyí jẹ́ iye tí táyà kò gbọdọ̀ kọjá. Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń dé ọ̀dọ̀ mi tí wọ́n ń ní “fún mi ní 40, ọ̀nà jìn”. Mo máa ń gbé wọn lọ síbi ilẹ̀kùn kí wọ́n kà á fúnra wọn.

Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí méjèèjì táyà ló ń jẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, àárín ló ń jẹ. Tiyín tó jẹ inú nìkan, afẹ́fẹ́ kọ́ ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òsì bá wà ní 26 tí ọ̀tún sì wà ní 36, òsì ni ọkọ̀ á máa fà sí, ẹ ó sì máa ṣe aláímẹ́ǹtì lásán.

Ìyá Oníláfún · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:22 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo ń dá sí i. Bọ́ọ̀sì kékeré tí mo fi ń kó láfún lọ sí Ìbàdàn náà ń jẹ táyà iwájú, ṣùgbọ́n tèmi, ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ, àárín rẹ̀ ṣì dúró. Wọ́n ní kí n lọ ṣe aláímẹ́ǹtì. Ṣé bákan náà ni?

Baba Mẹkáníìkì Owódé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ìyá, ṣé etí méjèèjì táyà kọ̀ọ̀kan ló jẹ, àbí etí òde nìkan? Bí ó bá jẹ́ etí méjèèjì, fọkanáísà ti dá yín lóhùn: ẹrù wúwo, afẹ́fẹ́ kéré. Ẹ wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀ kí ẹ tó di ẹrù, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ọmọ LAUTECH béèrè ohun tó yẹ. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yọ́ níbí, lórí ọ̀nà kan náà tí ẹ ń gbà, mo ti gba irú ọkọ̀ yín wọlé ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn ń ṣe aláímẹ́ǹtì sórí ohun tó ti yọ. Aláímẹ́ǹtì kì í tún nǹkan kan ṣe. Ó kàn ń fi táyà sí àyè rẹ̀ ni. Bí ohun tó di táyà náà mú bá ti ń mì, àyè yẹn kò ní dúró dé ìparí ọ̀sẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí táyà sọ̀rọ̀. Ẹ gbé táyà tó jẹ yẹn kalẹ̀, ẹ yẹra fún ibi tí wáyà wà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti etí òde lọ sí etí inú, kí ẹ tún rà á láti inú bọ̀ sí òde. Bí ọ̀kan bá ń dán tí èkejì sì ń ha yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn, táyà náà kò kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ló ń wọ́. Tó bá jẹ́ láti òde wọ inú ló ń ha, iwájú táyà ṣí síta. Tó bá jẹ́ láti inú bọ̀ sí òde ló ń ha, iwájú táyà wọ inú jù. Tí ojú rẹ̀ bá ń dán síhìn-ín sọ́hùn-ún tó sì kàn jẹ lápá kan, táyà dà ni, orí rẹ̀ ti tẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ní kòtò, òkè, kòtò, òkè yíká, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń gba gìrì kòtò) àti báláńsìn (bóyá ìwúwo táyà dọ́gba yíká).

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ dúró tì í. Kí ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí ó gbé iwájú lórí jáàkì, kí ó sì ki igi tàbí sítáǹdì bọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó láti fi ẹ̀mí sábẹ́ rẹ̀. Kí ó di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì bí ẹni di ìlù mú, kí ó mì í. Bí ó bá ń mì jìgìjìgì, tairọ́ọ̀dù (irin tó so sítíárìn mọ́ táyà) ni tàbí rákì (ẹ̀rọ tó ń ti irin náà). Kí ó dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ó mì í. Bí ìyẹn náà bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tí táyà fi ń yà) tàbí bẹ́rìn (ohun tí táyà ń yí lórí rẹ̀) ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó wo kọnturóòlù áàmù, irin pẹlẹbẹ tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà méjì ló wà lára rẹ̀ tí à ń pè ní búṣìn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn ni kí ó fi irin gígùn tì. Mo fura sí i gan-an nítorí kòtò tí ẹ sọ àti nítorí bíréèkì tó ń mú un le. Bí búṣìn ẹ̀yìn bá ya, táyà á máa rọ́ sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Apá tí táyà bá ti rọ́ sẹ́yìn ni ọkọ̀ ń fà sí. Lórí ẹ̀rọ aláímẹ́ǹtì, ojú kan ni ọkọ̀ dúró sí, kò sẹ́ni tó ń tẹ bíréèkì, nítorí náà gbogbo nọ́ńbà á dára. Ẹ ó san owó, ẹ ó sì bọ́ sí títì, búṣìn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìlọrin · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:48 àárọ̀

Baba, ẹ ṣeun. Ṣé kì í ṣe pé kálípà bíréèkì, èyí tó ń fún bíréèkì mọ́ táyà, ló gan? Tèmi gan nígbà kan, òsì náà ló ń fà sí.

Baba Mẹkáníìkì Owódé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:03 àárọ̀

Ó ṣeé ṣe, a sì gbọ́dọ̀ mú un kúrò lára ohun tí a fura sí. Tíṣà, ẹ wà á bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ má fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì. Ẹ rọra dúró, kí ẹ sún àtẹ́lẹwọ́ mọ́ rímù òsì, lẹ́yìn náà mọ́ ti ọ̀tún. Ẹ má fọwọ́ kan irin inú rẹ̀. Bí òsì bá gbóná ju ọ̀tún lọ gidigidi, tàbí ẹ gbọ́ òórùn ohun tó ń jóná, kálípà ni.

Ohun kan tún wà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń gba apá ọ̀tún lọ ní Nàìjíríà, ojú ọ̀nà sì máa ń dà díẹ̀ sí etí kí omi lè ṣàn sí gọ́tà. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń rọra yà sí ọ̀tún díẹ̀ lè má ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n tiyín ń fà sí òsì, ó ń gun òkè ọ̀nà lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àìsàn náà kì í ṣe kékeré.

Ọmọ LAUTECH · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:20 àárọ̀

Mo jókòó ṣe ìṣirò kan nítorí ọ̀rọ̀ Baba pé táyà ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní táyà kan fi ìdajì dígírì péré yà kúrò lójú ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ojú lásán kò lè rí ìdajì dígírì. Síbẹ̀, nínú kìlómítà 1, ó ti wọ́ bíi mítà 9 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí èèyàn bá rin kìlómítà 50, ó ti kọjá mítà 400. Ìyẹn ni pé ní ìrìn kan ṣoṣo láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́ táyà àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ọ̀dà ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àlọ àtàbọ̀. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé wáyà yọ láàrin oṣù márùn-ún.

Tíṣà Arówómọlẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 7:35 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Afẹ́fẹ́: òsì 29, ọ̀tún 38! Mo ti mú méjèèjì bá ohun tó wà lára ilẹ̀kùn mu. Fífà náà dín díẹ̀, kò lọ.

Rímù: ìgbóná méjèèjì dọ́gba, kò sí òórùn.

Àtẹ́lẹwọ́: láti inú bọ̀ sí òde, ó ń dán. Láti òde wọ inú, ó ń ha mi bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ ra ara ẹja lọ́nà òdì, láti ìrù sí orí. Ọmọ mi pàápàá fọwọ́ kàn án, ó ní “Màámi, ó ń gé ọwọ́.” Ṣé gbogbo èyí ti wà níbẹ̀ tí ẹni méjì ti gba owó lọ́wọ́ mi láìra ọwọ́ lórí táyà náà lẹ́ẹ̀kan!

Lónìí mo dúró ti mẹkáníìkì. Ó di táyà òsì mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń dún “kì-kì-kì”. Tairọ́ọ̀dù òsì ti yọ̀. Lókè àti nísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó tan iná sí abẹ́, ó fi irin gígùn ti búṣìn ẹ̀yìn, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò. Rọ́bà náà ti ya yíká, irin àárín rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ti ọ̀tún kò ya, ṣùgbọ́n ó ti sán.

Ó ní kí n pààrọ̀ méjèèjì. Ṣé òótọ́ ni, àbí kí n ṣe òsì nìkan?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 7:58 alẹ́

Ẹ ṣe òsì ná, Tíṣà. Ọ̀tún kò tíì ya. Owó kò sí níta.

Baba Mẹkáníìkì Owódé · Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́

Bí owó bá wà, ẹ ṣe méjèèjì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ rìn, èyí tó ti sán kò ní pẹ́ ya, ẹ ó sì tún san owó aláímẹ́ǹtì mìíràn. Bí owó kò bá sí, ẹ ṣe òsì pẹ̀lú tairọ́ọ̀dù, kí ẹ máa wo ọ̀tún lóṣooṣù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú rèé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa mẹkáníìkì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ó bá ti ki búṣìn tuntun bọlé, kó má fún bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí táyà ń rọ̀. Rọ́bà yẹn lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Bí ẹ bá fún un pa ní òkè, tí ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà á lọ́, á sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi ya. Kí ó fún un díẹ̀, kí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí táyà tẹlẹ̀ dáadáa, kí ó mi ọkọ̀ lókè nísàlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó fún un pa. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ dúró tì í títí yóò fi ṣe é.

Ní ti tairọ́ọ̀dù, kó ka iye ìgbà tó yí èyí tó gbó kó tó bọ́, kó sì yí tuntun wọlé ní iye kan náà. Ìyẹn á gbé yín dé ibi aláímẹ́ǹtì láìjẹ táyà lọ́nà.

Tíṣà Arówómọlẹ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Baba, kí Ọlọ́run ṣìkẹ́ yín. Mo ṣe méjèèjì. Mo yá díẹ̀ kún un nínú àjọ wa. Mẹkáníìkì kọ́kọ́ ní “Àǹtí, bóòtù ni bóòtù”, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣe é bí ẹ ṣe wí. Òun náà ní òun kò mọ ìdí tí búṣìn tí òun ń ṣe kì í fi í pẹ́.

Lẹ́yìn aláímẹ́ǹtì, bíréèkì kò fà á mọ́ rárá. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí eré níbi tí ọ̀nà ti mọ́, ó dúró gbọọrọ. Ṣùgbọ́n mo ra táyà méjì mìíràn sí iwájú, ọkọ̀ sì ti ń rọra yà sí ọ̀tún báyìí. Ó ju ti ojú ọ̀nà lọ díẹ̀, mo wò ó lórí pápá tó tẹ́jú. Àyà mi já.

Ọmọ LAUTECH · Ọjọ́ Ẹtì, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má jáyà, àǹtí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà bóyá ọfà wà níbẹ̀ tó ń sọ apá tó gbọ́dọ̀ yí sí. Bí kò bá sí ọfà, kí fọkanáísà gbé òsì sí ọ̀tún, ọ̀tún sí òsì, kó sì fi afẹ́fẹ́ tó dọ́gba sí wọn. Bí fífà náà bá yí padà sí òsì, táyà ni. Bí ó bá dúró ní ọ̀tún, ara ọkọ̀ ni.

Tíṣà Arówómọlẹ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:05 àárọ̀

Kò sí ọfà. A pààrọ̀ wọn, ó sì yí padà! Òsì ló ń yà sí báyìí.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìlọrin · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀

Táyà nìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ wà níbẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló jẹ táyà àkọ́kọ́. Ṣé tuntun ni, àbí tòkunbọ̀? Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Tíṣà Arówómọlẹ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:15 ọ̀sán

Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, wọ́n kàn fọ̀ wọ́n kí wọ́n dán ni. Ọ̀kan ní 0821, èkejì 4016. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kò mọ̀ pé ọjọ́ orí wà lára táyà! Mo ti dá 4016 padà fún ẹni tó tà á. Ó gbà á, mo fi owó kún un gba èyí tó jẹ́ ọdún kan náà pẹ̀lú èkejì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà Ìlọrin báyìí, mo tú ọwọ́ níbi tó mọ́, ọkọ̀ ń lọ bí ẹni tó mọ ilé.

Baba Mẹkáníìkì Owódé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:02 ọ̀sán

Ọlọ́run ṣeun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yí sítíárìn dé ìparí, ẹ ó rí etí inú láìtú táyà. Ìyá Oníláfún ńkọ́? Mo ń retí yín.

Ìyá Oníláfún · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, ọjà ni mo wà. Etí méjèèjì ni, táyà méjèèjì. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí a tó di ẹrù: 22 àti 24. Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọmọ tó ń wà á ní òun máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ táyà wò, bí ó bá le, ó ti tó. Mo ti ra gééjì fún un.